Àwòrán fún Ìyá ní Nefta

Nígbà tí Mondher ń kúrò ní Nefta lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Tunis, òun àti Khadouja, ìyá rẹ̀, ṣe àdéhùn kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọjọ́ tí o bá ti ń dá jẹun níbẹ̀, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, kí o máa bọ̀ nílé."

"Ọjọ́ tí kò bá sí ẹnì kankan nílé pẹ̀lú yín mọ́, Màmá, mo fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, nítorí pé àgbàlá kún dẹ́nu lọ́jọ́ náà. Àwọn aládùúgbò wà níbẹ̀. Dalenda, ẹ̀gbọ́n Mondher obìnrin, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí Lyon, ní ilẹ̀ Faransé ni, ṣùgbọ́n Dalenda ní òun kò bá a lọ síbì kankan. Rim, àbígbẹ̀yìn Dalenda, tó já bọ́ láti orí igi dábínù, ń sá kiri pẹ̀lú apá tí wọ́n fi ọ̀já funfun gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Bàbá Lazhar, ayafọ́tò ìlú, ya gbogbo wọn pọ̀.

Bàbá Lazhar yìí ló mú kí iṣẹ́ náà wu Mondher. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin Nefta ló wà ní ilẹ̀ Faransé. Bí ọdún bá ń bọ̀, àwọn ìyàwó wọn a mú àwòrán ọkọ wọn lọ bá a, òun a sì gbé ọkọ náà sí àárín àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá Mondher, tó kú sí Lyon, wà lára ògiri ilé wọn báyìí, ó gbé ọmọ tí kò fojú kàn rí lé ẹsẹ̀.

Khadouja kò mọ̀wé. Àwòrán ni ìyá àti ọmọ ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn.

Yàrá kan lórí òrùlé ni Mondher gbà ní Tunis. Ọmọ ìlú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, kálukú a gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń ya nǹkan lẹ́ẹ̀mejì sórí fíìmù kan náà, ó ta aṣọ dúdú sára ògiri, ó jókòó sí apá kan tábìlì, kámẹ́rà yà á. Ó pààrọ̀ ẹ̀wù, ó jókòó sí apá kejì, ó kẹ̀yìn, kámẹ́rà tún yà á. Ó fi àwòrán ọkùnrin méjì yìí ránṣẹ́ sílé.

Ìyá rẹ̀ pè é láti ilé, sórí tẹlifóònù ilé kọfí tó wà nísàlẹ̀ yàrá rẹ̀.

"Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ yẹn? Ṣé ìyàwó tuntun ni, tí kò fẹ́ kí n rí ojú òun?"

"Ojú ló ń tì í, Màmá. Ọmọ ìlú Sfax ni."

"Ọmọ Sfax tí ojú ń tì? Wọ́n ti wá ń bí irú ìyẹn? Sọ fún un kó máa jẹun. Èjìká rẹ̀ rí bíi tìrẹ." Ó yí ẹnu kúrò lórí tẹlifóònù. "Dalenda, pa àwọn ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́, n ò gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ ń sọ!"

Mondher kò gbọ́ ariwo ọmọ kankan. Wáyà tó wá láti gúúsù kò fi ìgbà kan dára.

Ó kọ́ bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ya ojú ènìyàn. Èyí ló fẹ́ràn jù, torí pé ẹni tí à ń yà a máa dúró tini díẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń la ojú kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ́ títí, tí àwọn tó ń kọjá lójú pópó yóò fi di èéfín.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní òun fẹ́ wálé.

"Wá ṣe kí ni?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ilé ti kún. Ṣé ẹ̀gbẹ́ àgbò lo fẹ́ sùn?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá. Àwọn ará ilé ọmọ Sfax náà ò tiẹ̀ fẹ́ kí n lọ."

Lọ́jọ́ ọdún, ó jẹ búrẹ́dì àti sàdíìnì lórí òrùlé, èéfín ẹran àwọn ẹlòmíràn sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn náà ni àwòrán ọdún dé láti Nefta. Gbogbo ilé ló jókòó yí àwo kuskus ká nínú oòrùn àgbàlá, Khadouja wà láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Oṣù ti gorí oṣù, síbẹ̀ apá Rim ṣì wà nínú ọ̀já. Mondher rò ó pé ọmọ náà ti tún gun igi. Ó lẹ àwòrán náà mọ́ òkè ibùsùn rẹ̀.

Ó fẹ́ fi àwòrán tó jọ ọ́ dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni bí a ṣe ń pa àwòrán méjì pọ̀ sórí ìwé kan. Ó sì fi ara rẹ̀ sáàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹun nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Màdáàmù Essia, olùkọ́ wọn, wò ó, ó gbé e sókè fún kíláàsì.

"Mondher, níbo lo ti rí oòrùn méjì rà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ojú àti aṣọ lo tọ́jú, o ò wo ilẹ̀. Òjìji àwọn wọ̀nyí nà sósì. Tìrẹ dà? Ayafọ́tò èyíkéyìí tó bá rí i yóò mọ̀ pé o ò sí lọ́dọ̀ wọn."

Mondher ronú kan Bàbá Lazhar, tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé gbogbo àwòrán tó bá fi ránṣẹ́ sílé lọ bá kó fi wọ́n sínú férémù. Bí baba náà bá rí i, ìyá rẹ̀ yóò gbọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá sì gbọ́, ẹ̀kọ́ parí.

"Kí ni kí n ṣe, Màdáàmù?"

"Wá àwòrán àwọn tí wọ́n jọ jókòó nínú oòrùn kan lóòótọ́. Fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, tún tìrẹ ṣe."

Ẹyọ kan péré ló ní, àwòrán ọdún tó wá láti ilé. Nígbà tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó yọ ọ́ lára ògiri, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó sì fi awò lé ilẹ̀ àgbàlá wọn, ó ń wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

Nínú gbogbo àwọn tó yí àwo kuskus náà ká, láti orí Dalenda títí dé orí Rim, ìyá rẹ̀ nìkan ló ní òjìji.