Ta Ló Kọ́ Róbọ́ọ̀tì Ní Gbígbọ̀n?

Róbọ́ọ̀tì wa tún ti da omi sílẹ̀.

Aláìsàn la ní kó máa gbé omi fún o, ọwọ́ rẹ̀ ló wá ń gbọ̀n!

Mo jágbe mọ́ ẹni tó so wáyà ẹ̀: "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ nìyí!"

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wáyà ni mo ti pààrọ̀."

Mo kọjú sí oníkọ̀ǹpútà. "Ìwọ ńkọ́? Ẹ má kó bá mi o!"

"Ẹ̀gbọ́n, kò mọ nǹkan kan fúnra ẹ̀. Bí ẹni tó di ọwọ́ ẹ̀ mú kọ́ ọ ṣe gbé ife ló ń gbé e."

"Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ!"

Mo pa róbọ́ọ̀tì, mo já ife gbà, mo gbé e sókè. "Ẹ wò ó!"

Wọ́n ń wò ó.

Omi ń ta sí bàtà mi.

"Ẹ̀gbọ́n," oníkọ̀ǹpútà rọra ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."