Ẹyin Àgbà Màlúù

Ọdún 1988 ni Dókítà Ọládipọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹyin inú abo màlúù, èyí tó ń di ọmọ. Ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn kékeré kan lọ́nà Mọ́níyà ló ti ń ṣiṣẹ́, Adétutù ìyàwó rẹ̀ sì ni igbákejì rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti pé ọdún méjìlá tí wọ́n fẹ́ra. Ọkọ lo márùn-ún nínú rẹ̀ lókè òkun níbi tó ti kàwé, ìyàwó wà ní Ìbàdàn. Adétutù ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì báyìí. Oyún mẹ́ta ti bà jẹ́ lára rẹ̀.

Láràárọ̀ ló ń lọ sí ilé ìpẹran ní Bódìjà. Sàlàkọ́ alápatà á ya ẹnu màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, á wo eyín rẹ̀, á sọ ọjọ́ orí rẹ̀, á sì gé ilé ẹyin rẹ̀ fún un. Adétutù á kó ti ọ̀dọ́ sínú ìgò kan, ti àgbà sínú òmíràn, á lẹ bébà tó kọ ọjọ́ orí wọn sí mọ́ wọn, á wọ mọ́tò lọ sí Mọ́níyà. Òun ló ń fa ẹyin jáde. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Sàlàkọ́ bi í pé kí ni wọ́n ń wá gan-an.

"Gbogbo ẹyin tí màlúù máa ní láyé ló ti wà nínú rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó bí i," Adétutù dá a lóhùn. "Bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń bá a gbó. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá gbígbó yẹn ló ń bà wọ́n jẹ́."

"Ẹ bi àwọn Fúlàní, Àǹtí. Akọ á gun àgbà màlúù títí, oyún ò ní dúró."

Adétutù gba ìgò rẹ̀, ó sì kí i pé ó dọ̀la.

Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ni ìyá Ọládipọ̀ dé láti Ìsẹ́yìn. Ó ní òun ò lọ títí ọmọ òun yóò fi fẹ́ ìyàwó mìíràn.

"Màmá, ẹ fún mi lọ́dún kan," Ọládipọ̀ bẹ̀ ẹ́. "Tí mo bá parí iṣẹ́ yìí, n ó mọ ohun tí mo máa ṣe."

"Ṣé màlúù ni yóò sọ fún ọ?"

Adétutù kó àwo oúnjẹ, ó gba ilé ìdáná lọ.

Ọdún yípo. Ẹyin inú àgbà màlúù mọ́ kedere, wọ́n sì ń dàgbà bó ti yẹ. Ti ọ̀dọ́ ló ṣú, tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọládipọ̀ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó.

"Ọjọ́ orí kì í ba ẹyin jẹ́, Adétutù."

"Mo rí i," ni ó wí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọládipọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ fi han Màmá pé ọjọ́ orí ni. Pé èmi ni mo fi ọ́ sílẹ̀ lọ́dún márùn-ún tó yẹ ká fi bímọ, pé ẹ̀bi tèmi ni, mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn lé ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí. Oyún wo lo ṣẹ́ kí n tó fẹ́ ọ?"

"Mi ò ṣẹ́ oyún rí."

"Kí ló wá bà á jẹ́?"

Adétutù kó àwọn ìgò orí tábìlì, ó lọ ń fọ̀ wọ́n. Kí oṣù náà tó parí, Adétutù ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Challenge, ìyàwó tuntun, Gbémisọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, sì ti wọlé Ọládipọ̀. Màmá padà sí Ìsẹ́yìn.

Láti ọjọ́ kejì tí Màmá ti dé ni Adétutù ti ń ṣí bébà kúrò lára ìgò méjèèjì nínú mọ́tò Mọ́níyà, tó ń lẹ ti àgbà mọ́ ọ̀dọ́, tó ń lẹ ti ọ̀dọ́ mọ́ àgbà, kí ọkọ rẹ̀ má baà torí ọjọ́ orí lé e.