Fláàṣì Ìyá Muslimah

Kí Àbẹ̀ḿbí tó kú, ó sọ fún Muslimah ọmọ rẹ̀ pé òun ti gba ohùn òun sínú fláàṣì kan, pé kó gbọ́ ọ kí wọ́n tó so yìgì rẹ̀. Bùsàrí, ọkọ Àbẹ̀ḿbí, ló rí fláàṣì náà nínú àpótí aṣọ olóògbé. Kí Muslimah tó dé láti Òṣogbo, Bùsàrí ní òun ti ṣèèṣì fọ ọ́ mọ́ bùbá òun.

Muslimah ò bá a jà. Ó kàn ní kí wọ́n jọ wá ẹni tó lè ṣí i, torí yìgì ti sún mọ́lé.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, kọ̀ǹpútà ní àfi kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kó tó lè wúlò. Bùsàrí ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Muslimah yára fa fláàṣì náà yọ. Ó wo Bùsàrí títí, ó gbà pé ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbówó, lọ́dọ̀ Moyọ̀sọ́rẹ, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Linux ló ń lò. Ó ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ, ó tẹ àṣẹ, ó ka ohun tó jáde. Ó ní ẹ̀rọ rí i, ó tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ kàn ka ohun inú rẹ̀, kó má kọ nǹkan kan sí i. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní kó máa dà á kọ ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ó dúró.

Moyọ̀sọ́rẹ béèrè ohun tó wà nínú fláàṣì náà.

“Ohùn ni,” Bùsàrí dáhùn. “Kò gùn.”

Moyọ̀sọ́rẹ tú ike rẹ̀. Nǹkan funfun ti ṣù bo àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀.

“Bàbá, ẹja lẹ pè é ni? Ó dà bíi pé ẹ fi iyọ̀ sí i.”

Bùsàrí rẹ́rìn-ín, ó ní ọṣẹ tóun ń lò ló le. Ó wá béèrè bóyá ẹnì kankan ṣì wà níbikíbi tó lè ṣí i.

“Kò sí, Bàbá. Ẹ má bínú.”

Bùsàrí mí kanlẹ̀. Muslimah bú sẹ́kún, ó gbórí lé e léjìká.

“Ó tó, ọmọ mi. Màmá rẹ mọ̀ pé a gbìyànjú.”

Lọ́jọ́ yìgì, nínú mọ́ṣáláṣí kan ní Bódìjà, lémọ́ọ̀mù ní kí bàbá tó bí ìyàwó bọ́ síwájú, kó wá fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. Bùsàrí tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó bọ́ síwájú, ohùn Àbẹ̀ḿbí sì ń dún létí rẹ̀ bó ṣe dá gbọ́ ọ kó tó ju fláàṣì náà sínú omi iyọ̀: “Muslimah, Bùsàrí tọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí ọ, wá Nùrẹ́nì bàbá rẹ lọ sí Moniya, kí wọ́n tó so yìgì rẹ.”