Àpá Oje Kájú

Ọgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ti Rùfáì ọmọ Ìgbòho ti kọjá ààlà. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí wọ́n máa yìn ín pé kò sẹ́ni tó lè rí i mú. Abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Marcory, ní Abidjan, lọ́dún kejì tí Côte d'Ivoire gba òmìnira. Nínú agbo ilé tí àwọn ará Ìgbòho àti Ṣakí ń gbé, òun nìkan ló gbọ́ Faransé dáadáa, nítorí náà òun ni ògbufọ̀ gbogbo wọn. Bí ọlọ́pàá dé, Rùfáì ni. Bí agbowó-orí dé, Rùfáì náà ni.

Lọ́dún náà ni ìjọba rán àwọn abupá kiri àdúgbò, kí wọ́n máa bupá fún àwọn ọmọdé nítorí àrùn ìgbóná. Ẹ̀rù ba àwọn ará ilé. Àwọn kan ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìgbóná sára ọmọ, ó ti ké sí i nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú oògùn náà. Àáfáà wọn ní òun kò rí èèwọ̀ kankan níbẹ̀, ó sì na apá tirẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ta ní gbọ́?

Rùfáì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá rí àpá lápá rẹ̀, wọn kì í tún bupá fún un. Ó fọ́ kóró kájú tútù, ó kán oje rẹ̀ sápá àwọn ọmọ ilé, títí kan Múdàṣírù, ọmọ kan ṣoṣo tí Sàdíà ìyàwó rẹ̀ bí. Oje náà jó wọn lára, ó sì dá àpá. Àwọn abupá dé, wọ́n wo apá, wọ́n kọjá. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní orí Rùfáì pé. Ẹ wo ohun tí àgbàlagbà ń fi ṣe ẹ̀rín.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Kò pẹ́ tí ìgbóná fi bẹ́ sílẹ̀ níhà Vridi, ní Abidjan kan náà, tó sì ń pa ọmọ. Àwọn abupá tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, oògùn kò tó, wọ́n ní ọmọ tí kò tíì gbà á rí nìkan làwọn ń fẹ́. Sàdíà gbé Múdàṣírù síwájú wọn. Abupá wo apá ọmọ náà, ó ní èyí ti gbà á, kí wọ́n kọjá.

Sàdíà kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe juwọ́ ti yé e. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Múdàṣírù, ẹ sọ fún un pé kájú ni."

Rùfáì wẹ̀yìn. Gbogbo àwọn tó ń yìn ín ló dúró síbẹ̀. Ojú ń tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un," Sàdíà tún wí.

"Elle dit merci, chef," ni Rùfáì wí, pé ìyàwó òun ń dúpẹ́. Abupá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pe ẹni tó kàn.

Sàdíà sunkún délé. Ó bẹ̀ ẹ́ pé káwọn gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ní Treichville, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Rùfáì ní ó di ọ̀la. Bó bá di ọ̀la, á tún ní ó di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ náà sú obìnrin náà débi pé kò lè jẹun.

Ìgbóná kò dúró de ọ̀la. Ó wọ agbo ilé, ó pa Karim, ọmọ Òkéwùmí aládùúgbò wọn, tí Rùfáì kán oje sí lápá pẹ̀lú. Ó mú Múdàṣírù náà, ṣùgbọ́n kò kú. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó dìde jókòó lórí ẹní lọ́sàn-án gangan, oòrùn kún inú yàrá.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Rùfáì ju ọwọ́ níwájú ọmọ náà, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́.

"Ẹ dá a lóhùn," ni Sàdíà wí. "Ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè."

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò ní kí Rùfáì bá òun sọ̀rọ̀ fún àlejò mọ́. Òkéwùmí kò sì kí i títí tó fi kó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí oògùn bá ń bà lẹ́rù, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀tàn sọ́rọ̀ ìlera ọmọ, kì í ṣe ìjọba ló tàn. Bí a bá sì ti ṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì lè ranni lọ́wọ́, nítorí gbogbo òtòlò pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ìtìjú ọjọ́ kan ni Rùfáì sá fún, ọmọ rẹ̀ ló sì ń san án.