Bàbá Tó Ń Rìn Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀, ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ sún mọ́ra dáadáa, àyè ṣì wà lórí ẹní. Loveth, gbé àbúrò ẹ lé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìbíjọkẹ́ ará Ìkòsí ni mo fẹ́ sọ, ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12, tó gbéra láti ibí lọ gun òkè ní Japan.

Ọdún 2006 ni. Wùmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbíjọkẹ́ bí, ń bá ọkọ rẹ̀, Adéníran, gbé lọ́hùn-ún. Oyún mẹ́ta ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹrin pé oṣù mẹ́fà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, dókítà sì dá a dúbúlẹ̀ sí ọsibítù. Ìyá rẹ̀ wọ bàálù lọ bá a. Bó ṣe gbọ́ pé òkè mímọ́ kan wà tí wọ́n ti ń gbàdúrà láti ayébáyé, ó ní òun máa gùn ún.

"Mummy, òkè àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni o," ni Wùmí wí látorí bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló dá òkè? Ṣé Búdà ló dá a ni?"

Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun máa rìn dé ilé àdúrà tó wà ní òpin ọ̀nà, òun máa kúnlẹ̀ nínú rẹ̀, kí oyún yìí lè dúró. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Adéníran forúkọ Ìbíjọkẹ́ sílẹ̀ mọ́ àwọn kan tí amọ̀nà fẹ́ mú rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sin ín dé ẹnu géètì òkè. Bí wọ́n ṣe débẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Ọsibítù ni.

"Mummy, mo ní láti sáré padà. Ẹ dúró síbí. Aago mẹ́sàn-án ni amọ̀nà máa dé. Aṣọ funfun ló máa wọ̀, á mú ọ̀pá àti agogo dání. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, ẹ ṣáà bá a lọ."

"Aṣọ funfun, ọ̀pá, agogo," ni Ìbíjọkẹ́ tún un sọ. "Ó dà bí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Òun náà ti wọ sùtánà rẹ̀, nítorí ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ ní Ìkòsí. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, agogo kékeré wà lọ́wọ́ òsì. Ó ti bọ́ bàtà.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí èèyàn méje tó yọ, ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Bàbá arúgbó kan nìkan ló mú ọ̀pá àti agogo. Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Bàbá tẹrí ba títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, àwọn mẹ́fà yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n dúró, òun náà dúró. Nígbà tó pẹ́, ara ta Ìbíjọkẹ́, ó lu agogo rẹ̀ kíkankíkan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n gbéra.

Bàbá na ọwọ́ síwájú fún un, òun fúnra rẹ̀ wá tò sí ẹ̀yìn pátápátá. Èyí kò ya Ìbíjọkẹ́ lẹ́nu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bí wọ́n bá ń tò wọlé, àgbà tó ga jù ló máa ń gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n irú ìrìn wo lèyí? Bí Ìbíjọkẹ́ bá dúró mí, Bàbá á dúró. Bó bá dúró so okùn sùtánà, gbogbo wọn á dúró máa wò ó, Bàbá á sì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Wọ́n dé ibi tí àwọn ère òkúta kéékèèké wà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ wọn lọ́rùn, bí èyí tí à ń so mọ́ ọmọ ọwọ́ tó ń jẹun.  Ìbíjọkẹ́ rántí oyún mẹ́ta náà, ló bá fẹsẹ̀ fẹ, ó ń lu agogo lọ. Ó gbọ́ gìrìgìrì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèje ń sáré bọ̀.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń lé?"

Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba.

Nígbà tó di aago méjì, ọ̀nà pín sí méjì.

"Bàbá, èwo ni?"

Bàbá ń wò ó. Ó tún béèrè, Bàbá tún tẹrí ba. Ìbíjọkẹ́ fi ìbínú na ọ̀pá sí apá ọ̀tún. "Ṣé ibí ni àbí ibí kọ́?" Kíá ni Bàbá mi orí sókè sódò, wọ́n sì gba ibẹ̀. Etí odò kan tí kò ní afárá ni ọ̀nà náà já sí. Wọ́n ní láti padà.

"Amọ̀nà tí ò mọ̀nà!" ni Ìbíjọkẹ́ ń kùn lọ. "Eléyìí ò lè mú èèyàn láti Ketu dé Alápẹ̀rẹ̀! Kó kàn máa tẹrí ba, kó máa tẹrí ba!"

Aago márùn-ún ti lé kí wọ́n tó dé ilé àdúrà náà. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Ó gbá a, gbá a, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ó wó lulẹ̀ sórí òkúta, ó ń yí gbirigbiri.

"Ọlọ́run, ẹjọ́ mi kọ́! Bàbá yìí ló fi mí falẹ̀. Má tìtorí rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ Wùmí!"

Nígbà tó la ojú, àwọn méjèèje wà nílẹ̀, wọ́n ń yí nínú aṣọ funfun wọn.

"Ẹ tún wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!" Ó bú sẹ́kún.

Ilé àlejò kan lórí òkè ni gbogbo wọn sùn sí. Ìbíjọkẹ́ kẹ̀yìn sí Bàbá, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Bàbá náà kò jẹun.

Ní ìdájí, Adéníran pè é. "Mummy, inú tó ń run Wùmí ti dáwọ́ dúró. Dókítà ní oyún wà digbí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti bí aago márùn-ún ààbọ̀ àná."

Ìbíjọkẹ́ jókòó sílẹ̀ gbì. Nígbà tó dìde, àwọn méje náà ti di ẹrù, wọ́n ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i sí Bàbá. Ó lọ bá ọmọbìnrin ilé àlejò náà, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, pé kó bá òun sọ fún Bàbá pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kí ọmọbìnrin náà tó ya ẹnu, Bàbá ti ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́, ó tẹrí ba, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì gba inú ìrì lọ.

"Bàbá ní ẹ ṣé gan-an ni," ni ọmọbìnrin náà wí, "ó ní àná ni àwọn kọ́kọ́ dé òkè yìí láyé àwọn, àti pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ń rìnrìn àjò, àwọn ò tíì rí amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bíi tiyín."