Màdáàmù Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ Ohun Tó Bàjẹ́

Ẹ dákun, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin ná, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní pa á mọ́ra.

1.
Lydia ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Okokomaiko. Ìyá rẹ̀, ọmọ Èkìtì, ló dá a sílẹ̀ kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé. Màmá yẹn ní àṣà kan. Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ kankan, wọ́n á kí òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì bèèrè pé, "Kí ni ò dáa lónìí?" Bí ilẹ̀ ń yọ̀ ni o, bí ẹ̀rọ ń pariwo ni o, bí orí ń fọ́ ẹnì kan ni o, wọ́n á gbọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ti wá nǹkan ṣe sí i.

Nígbà tó kan Lydia, ó lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan nítòsí Iyana-Iba, níbi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Olùkọ́ náà ní tí a bá yin ènìyàn, ọpọlọ rẹ̀ á fún un ní ayọ̀ àti okun láti ṣe sí i. Òótọ́ ni. Ó tún ní òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rù bá ń bà kì í lè ronú dáadáa, nítorí náà kí ọ̀gá jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ gan-an sì ni Lydia ti ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò.

2.
Lọ́jọ́ Ajé, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ.

"Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ òdì níbí. Ọ̀rọ̀ òdì ń ba ọpọlọ jẹ́, kò sì bá ìgbàgbọ́ mu. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ sọ ọ́ ní rere!"

Bí ìbéèrè ìyá rẹ̀ ṣe dópin nìyẹn. Ohun tí wọ́n wá ń pariwo láràárọ̀ ni, "Ọpọlọ mi jí! Iṣẹ́ mi dára!" Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn jù á gba ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà. Ẹni tó bá ráhùn á lọ dojú kọ ògiri bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àgbàlagbà ènìyàn! Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé! Ta ló kọ́ Lydia ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

3.
Hameedat ló ń po fùláwà. Sherif ló ń tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ tí irin rẹ̀ ń yí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Hameedat rí i pé bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ Sherif ti kọṣẹ́. Ó sáré lọ bá Lydia.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnì ẹ̀rọ yẹn ò pa á mọ́ o. Kó má lọ ṣe Bọ̀ọ̀dá Sherif léṣe..."

"Mi ò gbà á lórúkọ Jésù!" Lydia fọwọ́ di etí. "Hameedat, kí ni mo sọ? Sọ ọ́ ní rere!"

"Mà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni o."

"Ṣé ògiri lo fẹ́ lọ dojú kọ ni?"

Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. "Bọ́tìnì... bọ́tìnì máa pa ẹ̀rọ náà, mà."

"Ẹ̀hẹn! Ṣó o rí i? Ọpọlọ ẹ ti ń jí." Ó sì lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn láyà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbọ́ o. Ó fún un lẹ́bùn torí pé ó parọ́!

Sherif náà mọ̀ pé bọ́tìnì ti bàjẹ́. Àmọ́ ó ti dojú kọ ògiri lọ́sẹ̀ yẹn nítorí pé ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. "Jẹ́ n máa rọra ṣe é," ló sọ fún Hameedat.

Kò tíì di ọ̀sán tí fùláwà fi fa ọwọ́ Sherif wọnú ẹ̀rọ.

"Ẹ pa á! Ẹ gbà mí, ẹ pa á!"

Hameedat tẹ bọ́tìnì títí, ẹ̀rọ ò dúró. Kí wọ́n tó sáré lọ pa iná gbogbo ilé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lydia já wọlé, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Hameedat já ìràwọ̀ kúrò láyà, ó jù ú sílẹ̀. "Mo sọ fún yín, mà. Ẹ ní ẹ ò gbà á."

4.
Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó wá síṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ààrò tutù, àwọn oníbàárà wá búrẹ́dì lọ síbòmíràn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé iṣẹ́ tí ìyá arúgbó fi òógùn ojú kọ́.

Lydia ra èso, ó lọ wo Sherif ní ọsibítù. "Sherif, má ronú o. Gbogbo nǹkan á dáa."

Sherif wo báńdéèjì tí wọ́n wé mọ́ ibi tí wọ́n ti gé ọwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Màdáàmù, mi ò ní ọwọ́ ọ̀tún mọ́. Ẹ bá mi sọ ìyẹn ní rere."

Lydia gbé èso rẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ má dá ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ lẹ́bi o. Ẹni tó gbọ́ ìdajì, tó fi ń jẹ àwọn èèyàn níyà, ni kẹ́ ẹ dá lẹ́bi. Ẹ̀yin ọ̀gá, mo kì yín nílọ̀: bí òṣìṣẹ́ bá ní nǹkan bàjẹ́, kò ṣépè fún yín, ẹ̀mí ló fẹ́ gbà là. Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tó máa tún un ṣe. Ẹ bi wọ́n láràárọ̀ pé kí ni ò dáa, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.