Ẹni Tó Yin Bíà Apọntí

Apọntí bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fi àbúrò rẹ̀ sídìí ìsọ̀ bíà rẹ̀, ó sì lọ tò sórí ìlà níbẹ̀ bí àlejò. Ọ̀sẹ̀ ìtọ́wò bíà ti ń parí lọ, kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan yin tirẹ̀.

"Háà, bíà rèé!" ni ìyá kan ké níwájú rẹ̀.

Orí apọntí wú. "Kí lẹ gbádùn níbẹ̀, mà?"

"Rọra o, àbúrò. Mi ò tíì fẹnu kàn án. Èmi àti ìyàwó ẹni tó nìsọ̀ yìí la jọ ṣàdéhùn: kí n yin tiwọn, kóun náà yin tèmi nísọ̀ mi lọ́hùn-ún."

Apọntí yíjú sí ìsọ̀ ìyá náà lọ́hùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ ò yin nǹkan kan. Ó ń na ife òfìfo sí àwọn tó ń bu bíà níbẹ̀ pé kí wọ́n tún bù sí i.